Àsíá Kì í Ṣe Òkúta Ààlà

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà: "Sáfíyọ̀, ta ló ni Gírínláǹdì yìí gan-an?" Erékùṣù ńlá oníyìnyín lókè àríwá ayé ni, abẹ́ Dẹ́nímáàkì ló wà. Kò sí ẹni tó dúró gbèsì nínú wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹni tágbára ẹ̀ bá ká a ni. Ìkejì ní Rọ́ṣíà ti ri àsíá mọ́ ìsàlẹ̀ òkun lókè lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìkẹta, tí mò ń bá wọn ilẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀nà Mowe, ní kò yàtọ̀ sí tiwa níbí: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé géètì síbẹ̀ ló ni ín. Ìkẹta yìí ló mú mi gbé kálàmù, torí mo mọ ohun tí géètì tiẹ̀ fojú rí. Màá dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Artur Chilingarov, ọmọ Rọ́ṣíà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n gba abẹ́ yìnyín lọ sí ìsàlẹ̀ òkun ní góńgó àríwá ayé, níbi tó jìn ju 4,200 mítà lọ. Wọ́n ri àsíá Rọ́ṣíà tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe mọ́ ẹrẹ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ akin ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n níwájú òfin, kò ju kí ọmọ onílẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri lọ. Nọ́wè ti dán irú ẹ̀ wò rí ní 1931: àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ta àsíá ní ìlà-oòrùn Gírínláǹdì, ìjọba wọn sì kéde pé àwọn ló nibẹ̀. Dẹ́nímáàkì wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, ó sì jàre ní 1933. Lára ohun tó pa ẹjọ́ Nọ́wè ni ọ̀rọ̀ tí mínísítà rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ní 1919, pé àwọn ò ní dí Dẹ́nímáàkì lọ́wọ́.

Amẹ́ríkà náà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ra àwọn erékùṣù Virgin lọ́wọ́ Dẹ́nímáàkì ní mílíọ̀nù 25 dọ́là, ó bu ọwọ́ lùwé ní 1916 pé òun ò ní tako kí Dẹ́nímáàkì na ọwọ́ dé gbogbo Gírínláǹdì. Ìwé náà ṣì wà. Lọ́dún 2019 tí Trump sọ pé òun fẹ́ ra ibẹ̀, ìjọba Gírínláǹdì fèsì pé àwọn wà fún òwò, àwọn ò sí fún títà. Èmi rẹ́rìn-ín. Ohun tí a fi ń ba ògiri ilé jẹ́ káàkiri Èkó náà ni wọ́n kọ.

Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé àsíá ò já mọ́ nǹkan, kí ló wá ń fi ilẹ̀ fúnni? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, òun kan náà ni mo fi ń da oníbàárà láàmú: níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n?

Àwọn èèyàn ò ka ìbéèrè yìí sí. Ẹni tó mú plánì ilẹ̀ lọ́wọ́ á sọ pé nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kí ni mo tún ń wá? Nọ́ńbà wo? Plánì tí wọ́n ń yà ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá, òkúta kan ní ìlú Minna ni wọ́n ti ń ka ìwọ̀n rẹ̀ bọ̀. Fóònù tó wà lápò yín ò mọ Minna rí. Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé ló ń lò, kókó inú ilẹ̀ ayé ló sì ti ń kà á. Ẹ gbé nọ́ńbà inú plánì Minna sínú fóònù bẹ́ẹ̀ láìyí i padà, ní agbègbè Èkó yìí, yóò gbé yín lọ síbi tó fi bí 100 mítà yà sí ilẹ̀ yín. Ọgọ́rùn-ún mítà! Ilẹ̀ ẹni mẹ́ta mẹ́rin lẹ ti rìn kọjá yẹn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú, tí wọ́n ń fi fóònù "wọn ilẹ̀". Wọn ò lọ ilé ìwé, wọn ò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan, wọn ò ní èdìdì. Ẹni tó bá ní kí irú wọn wọ̀n fún òun, kó máa ra búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀.

Bó ṣe rí lórí ilẹ̀ náà ló rí lórí òkun. Láti etí omi, níbi tí òkun ń fà sẹ́yìn dé, ni òfin òkun ti ní kí wọ́n máa kà: máìlì ojú omi 12 jẹ́ tìrẹ pátá, dé 200 o ní ẹja àti epo tó wà níbẹ̀. Ta ló máa pinnu ibi tí etí omi wà, lórílẹ̀-èdè tó ní erékùṣù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní? Lọ́dún 1985 ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Polar Sea, gba àárín àwọn erékùṣù Kánádà kọjá láì tọrọ àyè. Kánádà ò yìnbọn. Ohun tí awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ máa ṣe ló ṣe: ó fa ìlà gbọọrọ yí gbogbo erékùṣù náà ká, ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1986, ara ìlà yìí lòun á ti máa wọ̀n, omi tó bá wà nínú rẹ̀ omi àgbàlá òun ni. Amẹ́ríkà ò gbà títí dòní, ó ní ọ̀nà gbogbo ayé ni. Ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ìjà yẹn.

Kánádà àti Dẹ́nímáàkì pín òkun àárín wọn ní 1973, ìlà náà dé etí erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Hans, àpáta lásán tí kò ju kìlómítà 1.3 níbùú lóròó, wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òdìkejì. Ọ̀lẹ ni mo pe irú iṣẹ́ yẹn. Ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ àsíá lórí àpáta, tẹ́ni tó bá wá á gbé ìgò ọtí sílẹ̀ fún ẹnì kejì, kí wọ́n tó wá fa ìlà la àárín rẹ̀ ní 2022.

Tí o bá ń wá ilẹ̀ abẹ́ òkun tó kọjá máìlì 200, àfi kó o fi hàn pé ilẹ̀ tìrẹ ló na ara rẹ̀ débẹ̀ lábẹ́ omi. Òkè kan tó ń jẹ́ Lomonosov gùn bíi 1,800 kìlómítà lábẹ́ yìnyín, ó gba itòsí góńgó àríwá kọjá. Rọ́ṣíà ní ara ilẹ̀ òun ni, Dẹ́nímáàkì ní ti Gírínláǹdì ni, Kánádà ní tòun ni. Rọ́ṣíà gbé ìwé lọ síwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2001, wọ́n ní kó lọ wọ̀n ọ́n dáadáa kó tó padà wá. Rọ́ṣíà, pẹ̀lú gbogbo bọ́ǹbù rẹ̀, lọ wọ̀n ọ́n! Ó padà wá ní 2015. Ẹni 21 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun. Lawrence Folajimi Awosika, ọmọ Nàìjíríà, ti ṣe alága wọn rí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Nàìjíríà náà gbé ìwé tiwa lọ ní 2009, a sì jèrè bíi kìlómítà 16,300 níbùú lóròó lábẹ́ òkun láìjà láìta.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ayé sátẹ́láìtì la wà, awọnlẹ̀ ò níṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ tí mo gbé lérí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbọ́ ti Amẹ́ríkà, ti Rọ́ṣíà, ti Ṣáínà àti ti Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń bára wọn jà nílẹ̀, inú ẹ̀rọ mi ni wọ́n ti ń jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé: títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ìwọ̀n tó ń fún aráàlú rú ni. Ẹni tó lokùn ló mọ bó ṣe fẹ́ fà á. Èyí ló jẹ́ kí Ṣáínà ṣe tiẹ̀, kì í ṣe fáàrí.

Kí ẹ má sì rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá ẹjọ́ Bakassi ní 2002, àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n rán láti máa ri òkúta mọ́ ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n kọlu ikọ̀ wọn nítòsí Koncha, ẹni márùn-ún kú. Àwọn ológun tó ń pẹ̀tù síjà làwọn èèyàn mọ̀. Ẹni tó ru irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ inú igbó, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mowe. Ọkùnrin yìí ra ilẹ̀, ọmọ onífóònù bá a "wá" a, ó mọ odi yí i ká, ó gbé géètì onírin síwájú, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ńlá tì í. Ó tún so aṣọ pupa àti ìkarahun ìgbín kọ́ ọ. Ààlè lè lé olè ìdí iṣu. Kì í lé nọ́ńbà.

Nígbà tí ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà gbé ìwé jáde pé orí ilẹ̀ òun lodi wà, wọ́n wá mi kàn. Mo wo plánì ọkùnrin náà, ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo rí níbẹ̀. Bàbá yẹn kì í ri òkúta ààlà láì kọ́kọ́ da èédú sísàlẹ̀ ihò. Wọ́n lè wú òkúta lóru, ẹnikẹ́ni kì í rántí ṣa èédú. Ẹ̀rọ mi gbé mi gba inú oko ẹ̀gẹ́ kan kọjá, sí òdìkejì ọ̀nà. Kò sí òkúta níbẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbẹ́ ẹ. Kò tíì dé ìdodo ọkọ́ tí ilẹ̀ pupa fi di dúdú, èédú tutù, tó ń dán, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọkùnrin náà wò ó, kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n wó odi náà lọ́jọ́ Sátidé, ìyá tíṣà sì fún un ní oṣù kan kó fi wá ẹni tó máa bá a tú géètì. Ọjọ́ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ Gírínláǹdì yẹn, inú ilẹ̀ ìyá náà la dúró sí. Kò sí odi lọ́tùn-ún, kò sí odi lósì, géètì nìkan ló dá dúró láàárín ọgbà gbayawu. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo yà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Òun ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí géètì, ó jáde, ó sì tún yí padà tì í.