Latency: ìdí tí ohùn fi ń pẹ́ dé ní kíláàsì orí fídíò

Tíṣà kan ń kọ́ àwọn aránṣọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ owó. Yàrá rẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ ló wà, Zoom ló sì fi ń bá màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, sọ̀rọ̀. "Mà, èló ló wọlé lánàá?" Kẹ́kẹ́ pa. Tíṣà rò pé màmá ò gbọ́. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Àṣé màmá ti ń dáhùn: "Ẹgbàárùn-ún..." Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn. Màmá dákẹ́, tíṣà náà dákẹ́. "Ẹ máa wí, mà." "Rárá, ìwọ máa wí, tíṣà." Wọ́n tún jọ sọ ìyẹn náà pọ̀.

Àwọn tó kù á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwòrán mọ́ kedere débi pé ẹ lè ka nọ́ńbà ara téèpù tí màmá fà sọ́rùn. Latency ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ohun tó ṣe wọ́n: àkókò tí ọ̀rọ̀ ń lò lójú ọ̀nà kó tó kúrò lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ dé etí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Nǹkan mẹ́ta la máa ń dà pọ̀ tí a bá ń ráhùn sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dátà ni èyí tí ẹ rà. Tó bá tán, ó tán. Bandwidth ni iye tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Latency ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí èyí tó gbéra tó dé. Ẹni tó ra gígì 20 lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni tó ní gígì 1 péré. Owó dátà kọ́ ló ń mú ohùn yá, bó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ohùn tí fóònù gbà kì í lọ lódindi. Fóònù á gé e wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ohùn 20 mílísẹ́kọ́ńdì, á fún un pọ̀ kó má baà gbàyè, á wá gbé e gba afẹ́fẹ́ lọ bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ pé Yúróòpù ni kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ìpàdé náà wà, abẹ́ òkun ló kàn. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Pọ́túgàlì wá sí Èkó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú fáíbà, ìyẹn fọ́nrán gíláàsì tó wà nínú okùn náà, eré rẹ̀ sì tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò ó: àlọ gba mílísẹ́kọ́ńdì 35, àbọ̀ gba 35. Ohùn tó kúrò ní Lágere lè tipa bẹ́ẹ̀ dé Yúróòpù kó tó wọ etí ẹni tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí ọlọ́kadà ò ní pẹ́ gbéni dé. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun kan bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta 2024, tí MainOne sì wà lára wọn, ọ̀nà tó jìn ju èyí lọ ló kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láti gbà.

Síbẹ̀, 70 yẹn ò tó ohun tí tíṣà àti màmá á fi máa já lu ara wọn. Ibòmíràn ni àkókò púpọ̀ ń ṣòfò sí. Lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá di fóònù mú, àwọn ègé ohùn á tò nídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá sì kúrò níbẹ̀, wọn kì í dé létòlétò. Ó dà bí iṣu ìnáwó tí wọ́n pín sórí ọ̀kadà mẹ́wàá láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà: èyí tó kọ́kọ́ gbéra lè dé kẹ́yìn, òmíràn lè má dé rárá. Fóònù ẹni tó ń gbọ́ á dúró díẹ̀ kí wọ́n péjọ, á tò wọ́n, kó tó sọ̀rọ̀ jáde. Dídúró yẹn náà, latency ni. Iṣu tó bá dé lẹ́yìn tí àlejò ti jẹun tán, wọn ò ní gún un mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà míì.

Ti sátẹ́láìtì tún yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò láti ìgbà pípẹ́ wà ní 35,786 kìlómítà lókè, kí ọ̀rọ̀ gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ sì ń gba nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 240. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní 2023, ń fò níbi tí kò tó 600 kìlómítà, kò sì ní ìfàsẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀.

Èló ló wá pọ̀ jù? ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sọ pé bí àkókò láti ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó gbọ́ kò bá ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ, ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ á lọ geere; bó bá ju 400 lọ, kò dáa mọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní onírúurú èdè rí i pé àlàfo àárín ìbéèrè àti ìdáhùn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 200 péré. Etí wa ti mọ́ ọn. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ti wá di 800, a ó rò pé wọn ò gbọ́ wa ni, tàbí pé inú ń bí wọn.

Kíláàsì àgbàlagbà ló ń jìyà èyí jù. Malcolm Knowles, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àgbà gbajúmọ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960, tẹnu mọ́ ọn pé ìrírí ni àgbàlagbà ń gbé wá sí kíláàsì, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà máa wúlò fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sọ̀rọ̀. Á jiyàn. Á ní, "Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, báyìí kọ́ la ṣe ń ṣe é." Bí latency bá wá gùn, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà ni tíṣà tó kéré á máa já lù, láìmọ̀. Àgbà míì ò ní bínú síta o. Á kàn pa gbohùngbohùn (mic) rẹ̀, a ò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tó tún bà jẹ́ ni ká jọ gbè é. Tíṣà á ní "ba, be, bi", kíláàsì á gbè é; bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. Lórí fídíò, ìdáhùn kálukú á dé lásìkò tirẹ̀, á di ariwo ọjà. Ẹ má tilẹ̀ dán orin wò. Kí gbogbo wọn pa gbohùngbohùn, kí wọ́n máa gbè é nílé wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ṣí tirẹ̀.

Ní tèmi, ohùn ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe, ká tó máa lé àwòrán tó mọ́. Fídíò tó dáa láàárín ẹni méjì lórí Zoom ń fẹ́ nǹkan bíi kílóbíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún àlọ nìkan, tó já sí MB 270 láàárín wákàtí kan. Ohùn nìkan ń fẹ́ 80, MB 36 péré. Kí tíṣà ṣí kámẹ́rà nígbà tó bá ń fi bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ hàn, kó sì pa á nígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Earpiece oníwáyà dáa ju ti Bluetooth lọ, torí Bluetooth náà ń fi ìfàsẹ́yìn tirẹ̀ kún un. Láìsí earpiece, ohùn tíṣà tó jáde lára fóònù màmá á tún wọ gbohùngbohùn màmá padà. Ètò tó ń gbógun ti ohùn tó ń padà wọlé yẹn á wá máa gé ọ̀rọ̀ màmá mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń sọ ọ́, tí àwọn yòókù ń gbọ́, kò tilẹ̀ nílò ìpàdé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tó tún ń kàwé ní Centre for Distance Learning ti OAU ní Mọ́rò, á gbádùn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ju kó máa sáré bá àkókò lọ. Zoom ọ̀fẹ́ kì í ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìbéèrè àti ìdáhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí tiyín jẹ́, ẹ ṣí Zoom lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ìpàdé ń lọ, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Statistics, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Latency sí. Bó bá wà nísàlẹ̀ 150, ẹ máa tàkurọ̀sọ bó ṣe wù yín. Bó bá ti ń sún mọ́ 300, kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ nawọ́, kí tíṣà dá orúkọ kan kó tó bi ìbéèrè, kó sì rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀ kó tó tún la ẹnu.