Ìbọn ẹlẹ́ṣin ni, kì í ṣe "kábáìnì"

Ó ti sú mi láti máa rí "kábáìnì", ìyẹn carbine, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìbọn gígùn tí wọ́n dín kù, nínú ohun tí à ń kọ nípa ìbọn Ọdún 44 àwọn ọmọ ogun Japan. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ẹni tó ń gbé ìbọn yìí, kò sì sọ ibi tó ti ń gbé e. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti yá a. Kí ló wá kàn wá nínú rẹ̀? Japan tó ni ìbọn, kijū ni wọ́n ń pè é: ki ni ti ẹni tó gun ẹṣin, jū sì ni ìbọn. Ìbọn ẹlẹ́ṣin ni wọ́n wí. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun títí, nítorí náà "ẹlẹ́ṣin" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́nu wa.

Àwọn kan ní "ìbọn kékeré" ló yẹ. N kò gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, ìbọn ìléwọ́ ni yóò rò. "Ìbọn kúkúrú" sàn díẹ̀, àmọ́ kò sọ ìdí tí wọ́n fi dín in kù. Ẹṣin ni ìdí. Ìbọn Ọdún 38 tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wọn ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 128. Ta ni yóò máa wọ́ irú ìyẹn kiri lórí gàárì? Èyí tí mò ń sọ kò ju nǹkan bíi 97 lọ.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ìbọn Ẹlẹ́ṣin Ọdún 44. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí "Ìbọn Kẹrìnlélógójì", bí ẹni pé mẹ́tàlélógójì ló ṣáájú rẹ̀! Ọdún sáà ọba ni wọ́n ń kà. 1868 ni sáà Meiji bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ọdún 44 láti ibẹ̀, kí ẹ ka 1868 mọ́ ọn, ẹ óò dé 1911, ọdún tí wọ́n gba ìbọn náà wọlé. Ẹni tó kà á sí 1944 ti fò ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ọta márùn-ún ló ń gbà, mìlímítà 6.5, bíi ti Ọdún 38. Ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀. Ẹ wo abẹ onígbàjámọ̀, bó ṣe ń ká a sínú èèkù, tó sì ń ṣí i nígbà tí orí bá wà níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀bẹ yìí ṣe ká sẹ́yìn sábẹ́ ìbọn. Tí ẹlẹ́ṣin bá sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀tá sì sún mọ́ ọn, á nà án jáde síwájú. Kì í kúrò lára ìbọn, nítorí náà kò sí pé ó bọ́ sọnù lójú ìjà. Ó tínrín bí abẹ́rẹ́: wọ́n ṣe é fún gígún, kì í ṣe fún gígé.

Àwọn kan á ní ẹṣin ti dín kù lójú ogun nígbà tó yá, kí ni a tún ń pè ní ẹlẹ́ṣin? Japan tó ń fi í jagun kò yọ ki kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Èmi náà kò ní yọ ẹṣin kúrò nínú tèmi.