Ṣúgà ọyàn inú agolo: ta ni wọ́n ń fi bọ́ gan-an?

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mílíìkì ọmọ ọwọ́, ẹ ó gbọ́ ọ. “Àǹtí mi, ẹ má fi eléyìí wé àwọn tọ̀hún yẹn o. Ohun tó wà nínú ọyàn gan-an ni wọ́n fi sínú eléyìí.” Ọlọ́jà á yí agolo náà sódì, á tọ́ka sí lẹ́tà mẹ́ta tó hàn gàdàgbà lára rẹ̀: HMO. (Kì í ṣe HMO tó ń bá òṣìṣẹ́ sanwó ilé ìwòsàn o.) Owó rẹ̀ sì ga ju ti ìyókù lọ.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń sọ nípa agolo yìí. Àwọn kan gbà pé ó ti di ọyàn tán, pé ìyá tó bá lówó lọ́wọ́ kò tún nídìí láti máa jí lóru fún ọmọ lọ́yàn. Àwọn mìíràn ní ká má dán an wò, pé májèlé ni, pé inú kòkòrò ìgbẹ́ ni àwọn òyìnbó ti ń yọ ọ́. Ìgbàgbọ́ méjèèjì ló ṣìnà, ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú wọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n rọrùn láti fà tu. Ti àkọ́kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù, torí òun ló ń gba ọyàn lẹ́nu ọmọ.

Ṣúgà kan wà nínú agolo náà lóòótọ́. 2′-fucosyllactose ni wọ́n ń pè é, 2′-FL ní kúkúrú. Ó wà nínú omi ọyàn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú wàrà màlúù. Kì í ṣe òun nìkan ni Ọlọ́run dá: irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti rí nínú omi ọyàn lé ní 150, gbogbo wọn pátá ló sì ń jẹ́ HMO (human milk oligosaccharides). Nínú lítà omi ọyàn kan, wọ́n máa ń wọ̀n tó gíráàmù 5 sí 15. Bí a bá yọ omi sẹ́yìn, ṣúgà wàrà lásán àti ọ̀rá nìkan ló pọ̀ jù wọ́n lọ nínú ọyàn.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ọmọ kò lè jẹ wọ́n. Ikùn ọmọ ìkókó kò ní ohun tó lè gé irú ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ṣe ń dé ìfun ńlá, táṣẹ́rẹ́ ló ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Abiyamọ tí a ní kó jẹun dáadáa nítorí omi ọyàn, ara rẹ̀ ń lo nínú oúnjẹ yẹn láti ṣe ohun tí ọmọ kò ní fi sanra rárá. Ara kì í dédé náwó báyìí. Ẹnìkan ń jẹ ẹ́.

Ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ ẹni náà. Ní 1885, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Munich ní Jámánì, Theodor Escherich, ń yẹ ìgbẹ́ ọmọ ìkókó wò, ó sì rí kòkòrò àìfojúrí kan níbẹ̀ tí wọ́n padà fi orúkọ rẹ̀ sọ: Escherichia coli, E. coli tí gbogbo wa ń bẹ̀rù yìí. Ẹ mú orúkọ yẹn dání, a máa tó lò ó. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Henri Tissier tó ń ṣiṣẹ́ ní Institut Pasteur ní Paris rí òmíràn tó pẹ̀ka bíi lẹ́tà Y, tó kún inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń mu ọyàn bámú. Bifidobacterium ni wọ́n ń pè é lónìí. Kí ló dé tó fi fẹ́ràn ọmọ ọlọ́yàn tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950, nígbà tí Paul György ní Philadelphia àti Richard Kuhn ní Heidelberg fi hàn pé àwọn ṣúgà inú omi ọyàn yìí ló ń mú un gbèrú.

Kòkòrò ni ìyá ń bọ́. Ọmọ ń mu tirẹ̀, àwọn àlejò inú ìfun ọmọ náà ń jẹ tiwọn nínú omi ọyàn kan ṣoṣo.

Èyí tó mọ̀ ọ́n jẹ jù nínú wọn ni Bifidobacterium infantis. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì California tó wà ní Davis wà lára àwọn tó ka gbogbo àbùdá (gene) rẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n sì bá odidi ìdì àbùdá kan níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó fa ṣúgà ọyàn wọlé, kó gé e, kó jẹ ẹ́. Bó bá ti jẹ ẹ́, á ya ásíìdì sílẹ̀, inú ìfun ọmọ á sì kan díẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì: kòkòrò jẹ ṣúgà inú àgbàdo, ògì kan, àwọn kòkòrò burúkú kò sì ráyè gbé inú kíkan yẹn. (Àwọn olùwádìí kan ní Nàìjíríà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí débi pé wọ́n ṣe ògì kan jáde ní 1994 tí wọ́n pè ní DogiK, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣa kòkòrò tó ń mú un kan, kí ó lè wúlò fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ó yẹ kí òkìkí iṣẹ́ yẹn kàn ju bó ṣe kàn lọ.)

Ṣúgà náà tún ń ṣiṣẹ́ kejì. Kí kòkòrò àìsàn tó lè ṣe ọmọ níbi, ó ní láti rí nǹkan dì mú lára ògiri ìfun. Ohun tó ń dì mú níbẹ̀ jọ 2′-FL gan-an. Bí ṣúgà yìí bá wá pọ̀ nínú ìfun, òun ni kòkòrò náà á dì mú, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2004 lórí àwọn ọmọ ọlọ́yàn ní Mexico City fi hàn pé àwọn tí 2′-FL pọ̀ nínú omi ọyàn ìyá wọn kì í sábà ní ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò Campylobacter ń fà bíi ti àwọn tó kù.

Ẹ ti rí ìdí tí àwọn oníléeṣẹ́ fi ń dù ú. Báwo ni wọ́n wá ṣe rí i? Wọn kì í fún un lára obìnrin kankan, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Àwọn agolo kan tiẹ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé kì í ṣe láti inú omi ọyàn ènìyàn, àmọ́ ta ló ń ka lẹ́tà kéékèèké? E. coli tí Escherich rí nínú ìgbẹ́ ọmọ lọ́jọ́ kìíní àná yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe èyí tó ń fa àìsàn. Ìran rẹ̀ kan tó ti ń gbé inú ìgò àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò lè bá ènìyàn jà, ni. Wọ́n á fi àbùdá kan kún un tó ń jẹ́ kó lè so ṣúgà kékeré kan tó ń jẹ́ fucose mọ́ ṣúgà wàrà. Wọ́n á tún yọ àbùdá tirẹ̀ tí ì bá fi jẹ ṣúgà wàrà yẹn, kó má baà jẹ ohun tí wọ́n fún un ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó di inú tánkì irin gàgàrà: omi, oúnjẹ fún kòkòrò, ṣúgà wàrà tí wọ́n yọ láti inú wàrà màlúù, ooru tó mọ níwọ̀n, afẹ́fẹ́ tó ń hó gùdùgùdù láti ìsàlẹ̀. Kòkòrò á máa ṣe 2′-FL, á máa tú u sínú omi tó yí i ká. Bí ó bá tó àsìkò, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sọ kòkòrò nù pátápátá, wọ́n á fọ omi tó kù mọ́ léraléra, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú funfun. Kòkòrò kan kò gbọdọ̀ kù níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó sọ pé kòkòrò ló ṣe é kò purọ́. Irọ́ wọ ibi tó ti ní májèlé ni. Insulín tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún sára láti 1982, inú E. coli ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe òun náà, kò sì sí ẹni tó ń torí rẹ̀ sá fún abẹ́rẹ́. Gbogbo bí ṣúgà 2′-FL ti inú tánkì ṣe tò mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ọyàn ṣe tò. Europe fọwọ́ sí i ní 2016, ọdún yẹn kan náà ni mílíìkì ọmọ tó ní in nínú dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún nínú ìwádìí dàgbà bó ṣe yẹ, ara wọn sì gbà á.

Ó kù ká wá dáhùn ti àwọn tó ní ó ti di ọyàn.

Ẹ ka iye rẹ̀. Ṣúgà tó lé ní 150 ló wà nínú ọyàn. Ẹyọ kan, tàbí ìwọ̀nba bíi márùn-ún sí mẹ́fà bí ó bá pọ̀, ni wọ́n ń fi sínú agolo. Agolo mìíràn tó kọ “prebiotic” sára kò tilẹ̀ ní ẹyọ kan nínú wọn: ṣúgà tí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù tò láti inú ṣúgà wàrà màlúù, tàbí èyí tí wọ́n yọ láti ara gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ chicory, ló wà níbẹ̀. Kò burú, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà pè é ni. Ti ìyá kan sì yàtọ̀ sí ti ìyá kejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, nǹkan bí obìnrin kan nínú márùn-ún ni kì í ní 2′-FL nínú omi ọyàn rẹ̀ rárá nítorí bí àbùdá rẹ̀ ṣe rí, ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà, torí àwọn ṣúgà yòókù wà níbẹ̀. Agolo tó ní ẹyọ kan péré kò ní “àwọn yòókù.”

Yàtọ̀ sí ṣúgà, omi ọyàn ní àwọn sójà ara ìyá nínú: bí ìyá bá ti bá àrùn kan pàdé, ara rẹ̀ á ṣe ohun ìjà fún àrùn yẹn gan-an, á sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ nínú ọyàn. Sẹ́ẹ̀lì alààyè wà níbẹ̀. Ó ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Kò sí èyí tí tánkì lè ṣe nínú gbogbo ìyẹn, àwọn tó ni tánkì kò sì sọ pé àwọn ń ṣe é. Ọlọ́jà ló ń bá wọn sọ ọ́.

Àti pé ṣúgà kì í dá ṣiṣẹ́. Bí ẹni tí a gbọ́únjẹ fún kò bá sí nílé, oúnjẹ á wà nílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà lónìí, wọn kì í rí infantis mọ́, nígbà tó ṣì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ ní Gámbíà àti Bangladesh.

Èyí tó ń dùn mí jù kò kan agolo rárá. Omi ọyàn tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́yìn ìbímọ, tó ki, tó pọ́n rúsúrúsú, òun ni HMO pọ̀ sí jù: ó lè lé ní gíráàmù 20 nínú lítà kan. Òun gan-an ni àwọn ìyá àgbà wa kan á ní kí ìyá ìkókó fún dànù, pé ó ti dọ̀tí, pé ó ti pẹ́ jù nínú ọyàn. “Fún un dànù, jẹ́ kí funfun dé ná.” Kí funfun tó dé, wọ́n á ti fún ọmọ lómi gbígbóná tàbí àgbo. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọyàn nìkan, láìsí omi, láìsí ohunkóhun mìíràn. A ń da ṣúgà ọ̀fẹ́ nù ní ọjọ́ kìíní, a wá ń yá owó ra ẹyọ kan nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Agolo ní àyè tirẹ̀ o. Ìyá lè ṣaláìsí. Àìsàn tàbí oògùn lè má jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un láti fún ọmọ lọ́yàn. Ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ó má sì jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́ta yẹn kó ìpayà bá òun. Mílíìkì ọmọ tí kò ní HMO ṣì gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà tí òfin là sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè ọmọ. HMO jẹ́ àfikún tí iléeṣẹ́ lè fi sí i tàbí kó má fi sí i. Ìmọ́tótó omi àti fídà, pẹ̀lú iye ṣíbí tí wọ́n kọ sára agolo, ló ń pinnu bí ara ọmọ á ṣe rí ju ìyẹn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni agolo olówó gọbọi ti ń di ewu: nítorí kó lè tó di ìparí oṣù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kan sí omi tó yẹ kó gba méjì. Ìdajì oúnjẹ ni ọmọ náà ń mu, ìdajì 2′-FL tí wọ́n torí rẹ̀ san àlékún owó ló sì ń rí.