Kóró ara sitirọ́bẹ́rì ni èso rẹ̀ gan-an

"Èso kan ṣoṣo tí kóró rẹ̀ wà níta." Wọn kì í gbé sitirọ́bẹ́rì síwájú àwùjọ kí ẹnì kan má sọ ọ́, onítọ̀hún á sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti kàwé tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn kóró wẹ́wẹ́ yẹn, èso ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irúgbìn wà nínú wọn lọ́hùn-ún, ó fara pamọ́ síbi tí irúgbìn èso gbogbo máa ń wà. Èyí tó pupa, tó lómi, tí à ń torí rẹ̀ náwó, ìdí òdòdó tó wú ni.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tu kóró kan jáde, kó gbé e sórí bébà funfun. Èèpo rẹ̀ le, òun ló ń dún kẹ́kẹ́ láàárín eyín. Lára rẹ̀, fọ́nrán gbígbẹ kan máa wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú akọ, tí wọ́n ń pè ní pollen, gbà wọlé nígbà tí òdòdó ṣì wà ní títún. Irúgbìn kì í ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ilé ọmọ òdòdó ló ń ní in, ilé ọmọ òdòdó náà ló sì ń di èso.

Inú ìdílé rósì ni sitirọ́bẹ́rì wà, òun pẹ̀lú ápù àti rásíbẹ́rì. Ẹ̀yà ara kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n oníkálukú ló mọ bó ṣe ń tò ó. Ti rásíbẹ́rì ni ó dà bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ta ko ti sitirọ́bẹ́rì: èso rẹ̀ kéékèèké ló wú, tó lómi, ìdí òdòdó wá gbẹ síbẹ̀ bí ìṣó funfun. Bí a bá já a, ìṣó náà á kù sára igi, ìdí nìyẹn tí rásíbẹ́rì fi máa ń ní ihò nínú. Rósì fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ di ìkòkò, ó kó àwọn èso líle náà sínú. Ẹni tó bá la ìkòkò pupa tó máa ń kù lẹ́yìn òdòdó rósì, kóró tó jọ ti sitirọ́bẹ́rì ló máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú irun tó ń yún ni lára.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òdòdó sitirọ́bẹ́rì. Ewé òdòdó funfun márùn-ún ló sábà máa ń ní, àwọn akọ sì tò yí àárín rẹ̀ ká. Òkìtì kékeré aláwọ̀ ìyeyè ló wà láàárín yẹn, abo tó wà lórí rẹ̀ lè tó 200, wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú mólùẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ọmọ tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ gba lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀. Èyí tó gbà nìkan ló ń lóyún.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó gbàfiyèsí jù bẹ̀rẹ̀. Kóró tó lóyún máa ń ṣe họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní auxin, ó sì ń fi ránṣẹ́ sínú ara ìdí òdòdó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí òdòdó kì í dá wú. Onímọ̀ ewéko kan, Jean Nitsch, ló fi èyí hàn kedere nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1950. Ó tu gbogbo kóró kúrò lára sitirọ́bẹ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ìdàgbà dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tu ti òmíràn, ó ṣẹ́ kóró kan kù, abẹ́ kóró yẹn nìkan ló wú, ó yọ bí ìwo. Ó wá mú èyí tí kò ní kóró kankan lára mọ́, ó fi auxin tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá irun àgùntàn pa á lára, ó sì ń dàgbà lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò tí ìjọba kò rántí rí yóò tètè lóye ètò yìí. Àwọn onílé ṣe ìpàdé títí, wọ́n gbà pé kí kálukú da kọnkéré síwájú ilé tirẹ̀. Ẹni tó wà nílé da tirẹ̀. Alhaji tó ń ta sìmẹ́ǹtì da tirẹ̀ nípọn, ó tún fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ilé tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ín ti wà ní London láti bí ọdún mẹ́wàá, kòtò ló wà níwájú rẹ̀, òjò sì ń gbẹ́ ẹ sí i. Alága lè pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa gbé kọnkéré ilé kẹta lọ síwájú ilé kẹrin. Awakọ̀ tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá kò mọ onílé kankan, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ lórí àga ọkọ̀ á sọ fún un pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé kẹrin.

Bí a ṣe ń ka ara sitirọ́bẹ́rì tó wọ́ náà nìyẹn. Ẹ wo ibi tó tẹ̀ wọnú. Àwọn kóró ibẹ̀ kéré, wọ́n fún mọ́ra, nígbà tí ti ibi tó wú jìnnà síra wọn. Àwọn tó kéré yẹn kò gba lẹ́búlẹ́bú, wọn kò sì rán auxin kankan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kòkòrò ló fa omi inú wọn mu kí wọ́n tó gbó. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé oògùn ni wọ́n fín sí i, tàbí pé àrùn ni. Ẹ̀sùn náà kì í sábà tọ́ sí àgbẹ̀. Kòkòrò oyin ni kò dé ibẹ̀ tó.

Òdòdó sitirọ́bẹ́rì òde òní ní akọ àti abo pọ̀, atẹ́gùn náà sì lè gbọn lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ sórí abo, ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í kárí 200. Oyin máa ń rìn yípo lórí òkìtì yẹn, ó ń fi ikùn pa gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Göttingen ní Jámánì fi wọ́n wéra, wọ́n gbé àbájáde jáde ní 2014: èyí tí oyin bà lé wúwo jù, ó pupa jù, ó le dáadáa, ó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́ ju èyí tí atẹ́gùn nìkan ṣiṣẹ́ fún lọ.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí ló bí sitirọ́bẹ́rì ńlá tí gbogbo ayé ń jẹ. Amédée-François Frézier, ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé tó lọ ṣe amí odi àwọn ará Sípéènì ní Chile, rí irú kan níbẹ̀ tí èso rẹ̀ tóbi, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti ń gbìn tipẹ́. Ó kó díẹ̀ wọkọ̀ ojú omi, ó sì padà délé ní 1714 pẹ̀lú márùn-ún tó yè. Èyí tó so èso ńlá ló ṣà, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ṣe, bẹ́ẹ̀ irú ti Chile yẹn, akọ dá dúró, abo dá dúró. Abo ló kó wá. Wọ́n ta ewé, wọ́n yọ òdòdó, wọn kò so nǹkan gidi. Nígbà tó yá, ní agbègbè Brest ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú kékeré tó wá láti Virginia ní Amẹ́ríkà, lẹ́búlẹ́bú ti Virginia kàn wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so. Irúgbìn inú kóró wọ̀nyẹn ló di àdàlù tó wà lọ́jà lónìí. Onímọ̀ ewéko ọmọ Faransé kan, Antoine Nicolas Duchesne, ló tú àṣírí rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1766, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn.

Auxin tún ní iṣẹ́ kejì, èyí ló sì jẹ́ kí ètò yìí gbọ́n lójú tèmi. Kóró kan náà tó ń pàṣẹ pé kí ara wú ló ń dí i lọ́wọ́ kó má pọ́n. Tí wọ́n bá tu kóró kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan sitirọ́bẹ́rì tó ti tóbi àmọ́ tí kò tíì pọ́n, ẹ̀gbẹ́ yẹn á pọ́n ṣáájú èkejì. Bí kóró bá gbó, auxin rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìdènà á kúrò, ṣúgà àti àwọ̀ pupa á wọlé. Ẹyẹ kò lè rí àwọ̀ tó ń pè é kí irúgbìn inú kóró tó ṣe tán láti rìnrìn àjò nínú ikùn rẹ̀.

Fún ẹyẹ, ó dára bẹ́ẹ̀. Fún ọjà, wàhálà ni. Sitirọ́bẹ́rì kì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a lè bò mọ́lẹ̀ kó pọ́n. Látara igi ni ṣúgà rẹ̀ ti ń wá, bí wọ́n bá ti já a, ó parí. Ní Chaha, lágbègbè Vom lórí òkè Jos, wọ́n ń gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń bomi rin ín nínú òtútù ọyẹ́. Ìrìn àjò láti ibẹ̀ dé Èkó lé ní wákàtí méjìlá lójú títì, èyí tó bá sì pọ́n dénú á ti rà kó tó débẹ̀. Bí ọjà bá jìnnà báyìí, ó máa ń wu àgbẹ̀ láti já a nígbà tí apá kan rẹ̀ ṣì funfun. Ó lè pupa sí i nínú páálí, ṣùgbọ́n adùn kò ní lé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó gbé ewé tó wà lórí rẹ̀ sókè wò. Bí ọrùn rẹ̀ bá funfun, wọ́n ti já a kó tó tó àkókò.