Mo ti gbé module wọlé, kí ló dé tí PowerShell ní òun kò rí i?

Ní ọdún 2025 ni Microsoft ti MSOnline pa. Òun ni module tí àwọn tó ń bójú tó ímeèlì ọ́fíìsì fi ń ṣètò àkáǹtì òṣìṣẹ́ nínú PowerShell, ìyẹn fèrèsé tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí gbogbo wa kó lọ sí Microsoft Graph, module tó rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àbújá ń bi mí: a ti gbé e wọlé, kò ṣiṣẹ́.

Kí ni module?
Àpò àṣẹ tuntun tí a ń gbé fún PowerShell ni.

Install-Module, àṣẹ tó ń gbé module wọlé, parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ló dé tí PowerShell ní òun kò mọ Connect-MgGraph, àṣẹ tí a fi ń wọ Graph: "Connect-MgGraph is not recognized"?
Ẹ má tíì tún un fà wálẹ̀. Ní ọ́fíìsì àbúrò mi obìnrin kan ní Kubwa, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fà á wálẹ̀ kí n tó dé, dátà tirẹ̀ ló sì ń jó. Ó ṣí fódà hàn mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, òun rèé!" Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, nínú Documents\PowerShell\Modules. Ṣùgbọ́n fèrèsé aláwọ̀ búlúù ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

PowerShell méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Èyí tó bá Windows wá, 5.1, ni búlúù yẹn. Inú Documents\WindowsPowerShell\Modules ló ti ń wá module rẹ̀. Èyí tí èèyàn ń gbé wọlé fúnra rẹ̀, 7, dúdú ni. Pwsh la fi ń pè é, fódà tirẹ̀ sì ni Documents\PowerShell\Modules. Inú dúdú ló ti gbé module wọlé, inú búlúù ló wá ń pè é. A ṣí pwsh, ó tẹ Connect-MgGraph, ojú ewé ìwọlé sì yọ.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ $PSVersionTable kí ẹ mọ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, $env:PSModulePath yóò sọ àwọn fódà tó ń yẹ̀ wò.

"Running scripts is disabled on this system" ńkọ́?
Script ni fáìlì tí a to àṣẹ sí. PowerShell rí module náà. Ìyọ̀ǹda àtiṣí i ni kò ní. Bí Windows ṣe máa ń wá nìyẹn. Ẹ tẹ Set-ExecutionPolicy RemoteSigned -Scope CurrentUser. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Bypass, èyí tí kì í dí script kankan lọ́wọ́, sílẹ̀ títí láé nítorí pé ẹ ń kánjú. Bó bá jẹ́ ọ̀gá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín ló tì í láti òkè, àṣẹ yìí kò ní ràn yín lọ́wọ́; ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni kí ẹ lọ.

"Function capacity 4096 has been exceeded"?
Graph tóbi ju ohun tí 5.1 lè gbé. Ẹ lo 7.

Dátà wọ́n. Ṣé mo lè fi flash gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi?
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rẹ́ yín kò bá kàn da fódà kan kọ. Microsoft.Graph.Users, apá Graph tó wà fún àkáǹtì òṣìṣẹ́, kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí Microsoft.Graph.Authentication. Kó tẹ Save-Module -Name Microsoft.Graph.Users -Path E:\ bó bá jẹ́ E ni flash yín. Àtèyí tí ẹ fẹ́ àtèyí tó gbára lé ni yóò bá a wá. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà Modules, ẹ má yí orúkọ kankan padà.

Ó ní "untrusted repository". Ṣé kí n bẹ̀rù?
Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ gba nǹkan láti PowerShell Gallery, ibi tí a ti ń gba module lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń rí i. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni orúkọ tó jọra, torí ẹnikẹ́ni lè gbé module síbẹ̀. Ẹ ka orúkọ náà létà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ Y.

Àwọn script àtijọ́ mi ńkọ́?
Gbogbo èyí tó bá ní Connect-MsolService, àṣẹ ìwọlé MSOnline, ti kú. Ẹ ní láti tún wọn kọ. Èyí tó ń ti àkáǹtì ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lálẹ́ òní, ẹni náà ṣì lè wọ ímeèlì ọ́fíìsì láàárọ̀ ọ̀la.