Owó Ìjọba fún Oúnjẹ Àgbà: Báwo Ló Ṣe Ń Rìn?

Ìyá arúgbó kan ní Ìsọ̀kùn, n'Íléṣà, lè ní iṣu nílé, kí ọmọ rẹ̀ máa fowó ránṣẹ́ láti Houston lóṣooṣù, síbẹ̀ kí ebi máa pa á. Ta ni yóò gún iyán ọ̀hún? (Ìjẹ̀ṣà wo ló sì gbà pé òun ti jẹun láìrí iyán?) Ebi àgbà kì í ṣe ti àìlówó nìkan. Orúnkún kò gbé e dé Ọjà Àtàkúnmọ̀sà mọ́, eyín ti ká, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun ti lọ.

Irú ebi yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí. Òfin Older Americans Act (òfin ìrànwọ́ fún àwọn àgbà Amẹ́ríkà) ti ọdún 1965 ló gbé ètò náà dúró. Ọdún 1972 ni wọ́n fi ti oúnjẹ kún un. Àwọn tó ṣì lè rìn ń péjọ jẹun ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Àwọn tí kò lè jáde, wọ́n ń gbé tiwọn lọ bá wọn nílé.

Ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin àpapọ̀ ni owó náà ti ń wá lọ́dọọdún. Wọ́n ń pín in fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ti pé ọdún 60 ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ á fún àjọ àgbègbè, àjọ náà á fún àwọn tó ń dáná. Ẹni tó bá ti pé 60 lè jẹ ẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà lè jẹ ẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í béèrè iye tó ń wọlé fún un. Bó bá fẹ́ dá owó díẹ̀ sí i, kó dá a. Bí kò bá ní, oúnjẹ rẹ̀ kò ní dúró.

Àmọ́ kò rí bí owó ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni. Iye tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń ná; bí kò bá ká gbogbo èèyàn, àwọn tó kù á tò sórí ìlà.

Ní Ọ̀ṣun, a mọ O'Meals, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ ilé ìwé. Ètò tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ fún arúgbó lówó, kì í ṣe oúnjẹ. Tèmi ni pé àwọn ìyá tó ń dáná fún ọmọ ilé ìwé lè dáná fún àgbà pẹ̀lú. Owó ọlọ́kadà tí yóò gbé abọ́ dé Ìsọ̀kùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò.