Ẹni Kejì Ló Ń Sọ Iye Ọjà: Ohun Tó Yẹ Kí Olùtà Tuntun Mọ̀ Nípa Gbàǹjo Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Lọ́dún 1995, Pierre Omidyar, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní California, ṣí ìkànnì kékeré kan tó pè ní AuctionWeb, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta ọjà ní gbàǹjo, ìyẹn fún ẹni tó bá ná an ga jù. Òun náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí eBay. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná laser kan, irú èyí tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sára ògiri, àmọ́ tó ti bàjẹ́. Dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ni wọ́n rà á. Ó ya Omidyar lẹ́nu, ó sì kọ̀wé sí ẹni tó rà á láti bi í bóyá ó mọ̀ pé iná náà ò ṣiṣẹ́. Onítọ̀hún dáhùn pé òun mọ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó fi hàn pé kò sóhun tí kò ní ẹni tó ń wá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó ń wá nǹkan kò lè gbé iye rẹ̀ ga ní gbàǹjo. Àfi kí ẹni kejì wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùtà tuntun ti ń pàdánù owó nìyí: wọ́n ń wá olùrà, nígbà tó jẹ́ pé olùrà méjì, ó kéré tán, ni gbàǹjo nílò.

Ìdí rẹ̀ ni bí ẹ̀rọ ìkànnì ṣe ń ṣírò iye. Lórí eBay àti ọ̀pọ̀ ìkànnì bíi tirẹ̀, olùrà kì í jókòó ti fóònù kó máa fi dọ́là kọ̀ọ̀kan kún iye. Ó máa ń sọ iye tó pọ̀ jù tí agbára rẹ̀ ká fún ẹ̀rọ náà ní bòókẹ́lẹ́, ẹ̀rọ á sì máa bá a ná an, kìkì ìwọ̀n tó máa fi ga ju ti ẹlòmíì lọ. Ká ní kámẹ́rà àtijọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 10. Ẹnì kan dé, ó ní òun lè san tó 90. Dọ́là 10 náà ló ṣì ń hàn sí gbogbo èèyàn. Ẹlòmíì dé, ó ní 62 ni agbára òun mọ. Lójú ẹsẹ̀, iye fò dé 63, ẹni àkọ́kọ́ ló sì ṣì ń léwájú. Bí kò bá sẹ́ni tó dé mọ́, 63 ló máa san. Bí ẹni kẹta tó lè san 85 bá wọlé, 86 ló máa san. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní 62 kò bá rí kámẹ́rà náà rárá, tí ẹni kẹta náà ò sì rí i, dọ́là 10 péré ni olùtà máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti múra tán láti san 90.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, William Vickrey, ti kọ̀wé nípa irú gbàǹjo báyìí lọ́dún 1961, kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà. Ó fi hàn pé níbi tí ẹni tó borí bá ti ń san iye ẹni tó tẹ̀ lé e, kò sí èrè kankan fún olùrà nínú kó fi iye tí ọjà tó lójú rẹ̀ pa mọ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1996. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùtà ni pé, yàtọ̀ sí iye ìbẹ̀rẹ̀, ẹni kejì ló ń fa owó jáde lápò ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó bá ṣe, láti orí àkọlé títí dé ọjọ́ tí gbàǹjo máa parí, nítorí ẹni kejì àti ẹni kẹta ni.

Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá gbàǹjo tiẹ̀ yẹ ọjà ọ̀hún. Fóònù tuntun tó wà nínú páálí rẹ̀, tí àìmọye èèyàn ń ta irú rẹ̀, kò nílò gbàǹjo. Gbogbo èèyàn ló mọ iye rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ná an kọjá ibẹ̀. Kí ó lẹ iye mọ́ ọn, kó tà á bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó ṣọ̀wọ́n, tí iye rẹ̀ kò hàn gbangba, ni gbàǹjo wà fún: aago àtijọ́, owó ẹyọ tí wọn ò ná mọ́, ohun ìṣeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé. Láti mọ iye irú ọjà bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ti tà á ni kí olùtà wò, kì í ṣe iye tí àwọn tó ń ta irú rẹ̀ lọ́wọ́ ń pè é. Ìkànnì sábà máa ń ní ibi tí èèyàn ti lè ní kó fi àwọn ọjà tó ti tà tán nìkan hàn. Ẹnikẹ́ni ló lè pe aago ní 500. Èyí tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Iye ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ba olùtà tuntun lẹ́rù jù. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ó ń pe èèyàn wọlé. Ẹni tó bá sì ti ná ọjà lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Á máa padà wá wò ó. Bí ó bá ga jù, ẹni kejì á ti kọjá lọ kó tó ka ìlà kejì. Síbẹ̀, iye pọ́ọ́kú kò bá gbogbo ọjà mu. Níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń wá nǹkan, olùtà lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ láìfòyà. Níbi tí àwọn tó ń wá a kò tó márùn-ún, iye ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí kò ní dun olùtà bí ọjà bá tà síbẹ̀. Àwọn ìkànnì kan tún gbà kí olùtà fi iye kan pa mọ́, pé bí wọn ò bá ná ọjà dé ibẹ̀, kò tà. Ó dà bí ààbò, ṣùgbọ́n ìkànnì lè gba owó lé e, ọ̀pọ̀ olùrà kì í sì í fẹ́ máa ná ohun tí wọn ò mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà. Fún ọjà tí kò wọ́n, kò wúlò.

Ohun kan wà tí olùtà ò gbọ́dọ̀ dán wò láé: kó ní kí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí máa ná ọjà òun kí iye lè ga, tàbí kóun fúnra rẹ̀ gba orúkọ míì kó fi máa ná an. Ẹni kejì ayédèrú nìyẹn. Àwọn ìkànnì gidi kà á léèwọ̀, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì kà á sí jìbìtì, torí pé owó tó bá ti ibẹ̀ wá, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùrà lọ́nà ẹ̀tàn ni.

Báwo ni ẹni kejì gidi ṣe ń rí ọjà? Ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwákiri. Àkọlé ọjà lórí eBay kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà àti àlàfo 80 lọ, ó sì yẹ kí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣiṣẹ́: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà tó ń fi irú rẹ̀ hàn, bó ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é bó bá hàn lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tẹ “ó rẹwà gan-an” nígbà tó bá ń wá kámẹ́rà. Àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ ilé iṣẹ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n olùrà wà tó jẹ́ pé ọjà tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ni wọ́n ń wá kiri, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn nìkan ló máa rí i, àwọn á sì rà á ní pọ́ọ́kú.

Àwòrán ló kù. Kí olùtà gbé ọjà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, lórí aṣọ tàbí tákàdá aláwọ̀ kan, kó má tan iná fóònù sí i, kó sì ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, àti ojú ibi tí nǹkan ti ha á, tó ti sán, tàbí tó ti ṣí. Ojú ibi tó bàjẹ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an ni olùtà tuntun sì máa ń fi pa mọ́. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjà tí olùrà ò lè fọwọ́ kàn yìí yàtọ̀. Ẹni tí kò rí àbùkù kankan nínú àwòrán á rò pé èyí tó burú jù wà níbẹ̀, á sì yọ owó ìfòyà kúrò nínú iye tó máa sọ. Ẹni tó rí ojú ibi tí nǹkan ti ha á kedere mọ ohun tó ń rà. Bí ọjà bá sì dé ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, kò ní rí ẹ̀sùn fi kan olùtà pé ohun tí òun rí yàtọ̀ sí ohun tí òun rà.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ní iye tirẹ̀. Olùṣèwádìí kan, Paul Resnick, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan lórí eBay, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Ẹnì kan tó ti ń ta káàdì aláwòrán àtijọ́ tipẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé ránṣẹ́, ta irú káàdì kan náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tó ti ní èsì rere rẹpẹtẹ látọ̀dọ̀ àwọn olùrà, àti pẹ̀lú àwọn orúkọ tuntun. Ohun tí àwọn olùrà fẹ́ san fún orúkọ àtijọ́ fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ju ti orúkọ tuntun lọ. Ọ̀nà tí olùtà tuntun lè gbà dín àlàfo yìí kù ni kó kọ́kọ́ ra nǹkan kéékèèké níbẹ̀, kó sanwó kíá, kó sì ta ọjà tí kò wọ́n kó tó gbé èyí tó wọ́n jáde.

Àkókò tí gbàǹjo máa parí gba ìrònú, nítorí ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ olùrà ń dúró dè kí iye tiwọn má bàa ru ẹlòmíì sókè. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alvin Roth àti Axel Ockenfels, fi eBay wé gbàǹjo tí Amazon ń ṣe nígbà kan, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Lórí eBay, ilẹ̀kùn máa ń tì ní àkókò tí wọ́n dá. Ti Amazon máa ń sún síwájú bí ẹnikẹ́ni bá ná ọjà láàárín ìṣẹ́jú 10 ìkẹyìn. Àwọn tó ń fò wọlé lójijì níparí pọ̀ lórí eBay ju ti Amazon lọ. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń tì pa, kí gbàǹjo parí nígbà tí àwọn olùrà wà lójúfò, tí wọn ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́, ní ìlú tiwọn, kì í ṣe ní ìlú olùtà. Gbàǹjo ọjọ́ 10 tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ máa parí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á sì ti rí òpin ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí olùtà di ọjà sínú páálí, kó wọ̀n ọ́n, kó tó sọ iye tí fífi ránṣẹ́ máa jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù kì í wo ìwúwo nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà sọdipúpọ̀, wọ́n á sì fi 5000 pín in. Páálí tó jẹ́ 40 ní 30 ní 25 máa di kílò 6 nínú ìṣirò wọn, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tiẹ̀ ju kílò 2 lọ. Olùtà tó fojú bu iye rẹ̀ ló máa san ìyókù lápò ara rẹ̀. Owó tí ìkànnì ń yọ náà sábà máa ń kan owó ìfiránṣẹ́, kì í ṣe iye ọjà nìkan.

Ọwọ́ àwọn oníjìbìtì máa ń tètè tẹ olùtà tuntun, bákan náà ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Wọ́n á ní kí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ìkànnì bọ́ sórí fóònù. Wọ́n á fi ìmeèlì tó jọ ti ilé ìfowópamọ́ ránṣẹ́ pé owó ti wọlé. Wọ́n á fi sọ̀wédowó san ju iye tó yẹ, wọ́n á wá ní kí olùtà dá ṣẹ́ńjì padà kí ilé ìfowópamọ́ tó rí i pé sọ̀wédowó náà kò dáa. Tàbí wọ́n á yí àdírẹ́sì padà lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó. Kí olùtà wo àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má tẹ ìlà kankan nínú ìmeèlì, kó fi ọjà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìkànnì nìkan, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lè fi tọpa rẹ̀. Kó ya àwòrán ọjà bó ṣe ń wọ inú páálí.

Nígbà míì, ẹni tó borí kò ní sanwó. eBay fún un ní ọjọ́ 4. Lẹ́yìn náà, olùtà lè fagi lé e, kó sì fi ọjà lọ ẹni kejì ní iye tí òun náà ti ná an dé.

Nígbà míì, ọjà ò ní tà. Kí olùtà má kàn gbé e padà bó ṣe wà. Bí ẹni tó ṣí i wò kò bá tó nǹkan, àkọlé ni kó tún kọ. Bí wọ́n bá ṣí i wò dáadáa tí wọn ò sì fi sí ara ohun tí wọ́n ń ṣọ́, ìyẹn àwọn ọjà tí wọ́n sàmì sí lórí ìkànnì láti padà wá wò, àwòrán tàbí àlàyé ló ń lé wọn. Bí ogún èèyàn bá wá ń ṣọ́ ọ tí ẹnikẹ́ni ò ná an, iye ìbẹ̀rẹ̀ ló ga jù, àwọn ogún náà sì ṣì lè wà níbẹ̀ bó bá sọ ọ́ kalẹ̀.